Ìtumọ̀ Líbẹ́rà ní Ẹgbẹ́dá

Ọdún tí ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo kó dé Ẹgbẹ́dá. Tíṣà ni mí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi pọ̀ débi pé àwọn kan ń jókòó sórí ilẹ̀, àwọn mìíràn dúró sẹ́nu fèrèsé, wọ́n ń ti ìta kàwé wọlé. Kò sẹ́ni tí inú ń bí. Owó epo ti dé ìlú. Oko ẹ̀gẹ́ tí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lówùúrọ̀, kí n tó padà lọ́sàn-án, wọ́n ti da yanrìn sí i. Ní apá Ìpájà, ìjọba fúnra rẹ̀ ń kọ́ Ẹ́sítéètì, ilé ọ̀hún tẹ́ rẹrẹ lọ, àwọn lébìrà sì ń rọ́ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ bí ẹni ń lọ sí yídì.

Káfíńtà ni bàbá onílé mi, mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti gbé Ìbàdàn kó tó wá sí Èkó. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń kọ́lé, gbogbo ilé ló ń wá ilẹ̀kùn, nítorí náà ariwo ayùn rẹ̀ ló máa ń jí wa lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ilé rẹ̀ ní yàrá mẹ́fà, mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta. Yàrá iwájú ni tèmi. Èyí tó kọjú sí i ló ṣófo, ibẹ̀ sì ni obìnrin òyìnbó kan, ará Amẹ́ríkà, wá gbà.

Ó ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan lápá Ìpájà. Àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé nínú ọgbà tí mégàdí ń ṣọ́, ṣùgbọ́n òun ní òun fẹ́ máa gbọ́ Yorùbá látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba bàbá onílé. Ó rò pé ìjọba lè wá mú òun pé òun fi òyìnbó pamọ́, ló bá lọ bá baálẹ̀. Baálẹ̀ ní ẹni tó bá ti san owó ilé, ayálégbé ni, ì báà pupa bí osùn. Bí Àǹtí Òyìnbó ṣe di ará ilé wa nìyẹn. Èmi ń kọ́ ọ ní Yorùbá lórí àga níwájú ilé, òun náà ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Àkọ̀wọ́njò, tí àwọn ọmọ ilé ìwé mi á sì máa sá tẹ̀lé wa, wọ́n á máa kígbe pé tíṣà ti fẹ́ wọ igbó.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá onílé pe ìpàdé ayálégbé lórí ẹni tí yóò máa gbá àgbàlá, ó sì ní kí àlejò sọ ẹni tó jẹ́ fún wa. Àǹtí Òyìnbó ti múra sílẹ̀ láìsọ fún mi. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí wa dáadáa, ó sọ ìlú rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè, ó ní, "Èmi jẹ́ ẹni tí ó lawọ́. Bàbá mi náà lawọ́ nígbà kan, ṣùgbọ́n kò lawọ́ mọ́."

Ìyá onílé wú ikọ́. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó lawọ́ kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò sì sí ọmọ gidi tó máa sọ níta pé ahun ni bàbá òun. Ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ọ, kò ṣeé dá padà. Kí ó tó di ọjọ́ Mọ́ńdé, àwọn èèyàn ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá kan wà nínú yàrá ẹ̀yìn, Aládùúrà tí kì í bọ́ aṣọ funfun. Òun ló kọ́kọ́ wá, pé kí Àǹtí bá àwọn ra àbẹ́là fún ìkórè. Fọ́kánásà tó ń lẹ táyà ní ìkóríta ní kó bá òun fi ìjàpá gbé ìyá ìyàwó òun láti Ìkọ̀tún. Ẹnì kan wá tọrọ ìyọ̀, ẹlòmíì wá tọrọ àga. Àǹtí Òyìnbó ń ṣe gbogbo rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó rò pé bí Yorùbá ṣe ń fa àlejò mọ́ra nìyẹn.

Nígbà tó yá, ó bi mí léèrè ìdí tí wọ́n fi ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òun tí wọn kì í tọrọ lọ́wọ́ mi. Mo ní ṣebí òun ló sọ pé òun lawọ́. Ó wọlé, ó gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde, ó sì tọ́ka sí ibi tí ó ti rí i. Lóòótọ́, iwájú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n kọ "lawọ́" sí. Líbẹ́rà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ó ní kì í ṣe ìwà òun ni òun ń sọ, ìṣèlú ni.

Ẹ̀wà wà lórí sítóòfù mi lọ́jọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kó jóná kí Àǹtí tó ṣàlàyé tán. Ó ní nígbà àtijọ́, ẹni tó bá ní líbẹ́rà lòun, ohun tó ń sọ ni pé kí ìjọba yẹ̀ lọ́nà fún òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣòwò, kí òun sì sin Ọlọ́run bó ṣe wu òun. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ọ́, ọ̀dá owó mú Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ ń tì, báńkì ń tì, àwọn ọkùnrin tó lára ń tò lójú títì kí wọ́n lè fún wọn ní ọbẹ̀. Ààrẹ kan wá dìde, ó ní ìjọba kò gbọdọ̀ yẹ̀ lọ́nà mọ́, kó wọ inú ọ̀rọ̀ náà, kó wáṣẹ́ fún èèyàn, kó máa fún arúgbó ní nǹkan. Ó ní èyí gan-an ni líbẹ́rà. Orúkọ kan náà ni, ó kàn kọ ẹ̀yìn sí ibi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Nílé ìyá bàbá rẹ̀, àwòrán ààrẹ yẹn ló wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Jésù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn líbẹ́rà jà kí àwọn aláwọ̀ dúdú lè dìbò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ogun dé ní ilẹ̀ Éṣíà. Àwọn líbẹ́rà wà lára àwọn tó kó èèyàn lọ jà á, àwọn líbẹ́rà ló sì tún ń wọ́de kiri pé kí wọ́n dá a dúró. Látìgbà náà, ó ní, orúkọ náà ti ń ṣá. Ọdún ìbò ààrẹ ni ọdún yẹn lọ́dọ̀ wọn. Ó ní àwọn tó ń du ipò náà, bí èèyàn bá pè wọ́n ní líbẹ́rà, wọ́n á bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni ó ń pè.

Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè fi túmọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà gan-an ò ní.

Mo lọ ṣàlàyé fún bàbá onílé kí wọ́n lè fi obìnrin náà lọ́rùn sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Ó ní, "Kì í ṣe pé òun lawọ́. Ó fẹ́ kí ìjọba lawọ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ta ló wá fẹ́ kí ìjọba háwọ́. Ṣùgbọ́n ó bá mi sọ fún àwọn ayálégbé, wọ́n sì dẹ̀yìn, àfi Ìyá Aládùúrà, tó ní àbẹ́là kò kan ìṣèlú.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn ń kásẹ̀ nílẹ̀, bàbá rẹ̀ wá kí i. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò ló ti ṣiṣẹ́ láti ọ̀dọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Àǹtí Òyìnbó ti sọ fún mi pé àwọn kò gbọ́ra àwọn yé láti ìgbà ogun Éṣíà. Òun wà lára àwọn tó ń wọ́de, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì wà lójú ogun. Wọ́n sọ̀rọ̀ síra wọn nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ kan, kò sì tán nílẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó ń bẹ̀rù bàálù ló rán ọkọ rẹ̀ níṣẹ́ pé kó lọ wo ojú ọmọ rẹ̀.

Ọkùnrin gíga ni, ó dé fìlà, ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ bàbá onílé. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ìjàpá, àwọn ọmọkùnrin onílé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó rò pé wọ́n ṣubú ni, ó sáré lọ gbé wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn eruku ara wọn. Bó ṣe gbé èyí dìde ni èyí tó kù tún ń dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo àdúgbò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, gbogbo wa jókòó síwájú ilé. Àǹtí Òyìnbó sọ ìtàn bí òun ṣe di ẹni tó lawọ́ fún bàbá rẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ó wá nu ojú, ó ní ìwé atúmọ̀ èdè yẹn kò jẹ̀bi, pé àwọn líbẹ́rà ìsinsìnyí lawọ́, àmọ́ àpò òun ni wọ́n ń tọwọ́ bọ̀. Ọmọ rẹ̀ dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Bàbá onílé bi mí kí ló ṣẹlẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, bá mi sọ fún wọn. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan wà ní ìwọ̀ oòrùn níbí kí ogun tiwa tó dé. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, ẹni iyì ni mí. Mo kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà sára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn. Kí ọdún ó tó yípo, orúkọ yẹn ti di èébú. Àwọn ọmọdé ń fi pè mí lójú títì, oníbàárà ń yà fún mi. Ìwà tí mò ń hù náà ni mò ń hù. Mo fi ayùn gé pátákó yẹn, mo fi kan àpótí ìjókòó."

Nígbà tí mo túmọ̀ ìyẹn tán, bàbá òyìnbó fa àga rẹ̀ sún mọ́ bàbá onílé. Ó ní kí n sọ fún un pé ó yé òun dáadáa. Nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, bí wọ́n bá ní líbẹ́rà ń bọ̀, ẹni tó máa wá bá àwọn dúró sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ni, nínú òtútù, nígbà tí àwọn bá yanṣẹ́ lódì. Nísinsìnyí, ẹni tó lọ sí yunifásítì ni, tó máa wá kọ́ òun bí òun yóò ṣe máa ronú.

A kò mọ̀ pé Àǹtí Òyìnbó ń gbọ́ láti ojú fèrèsé. Ó jáde wá. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbé mi sọ́rùn lọ sẹ́nu géètì yẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lórúkọ náà. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bá yín dúró nínú òtútù, ìgbà tí wọ́n fẹ́ wá ra ilé ládùúgbò wa, ṣé kì í ṣe ìgbà yẹn ni orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn?"

Bàbá rẹ̀ bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní nígbà tí àwọn ará àdúgbò gbé ìwé kiri pé kí ẹnikẹ́ni má ta ilé fún àwọn aláwọ̀ dúdú, òun kò tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọmọ rẹ̀ ní, "Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ nǹkan kan."

Bàbá rẹ̀ ní, "Rárá. Mi ò sọ nǹkan kan."

Bàbá onílé fọwọ́ kàn mí, ó ní kí n má wulẹ̀ túmọ̀ ìyẹn, pé ojú wọn ti túmọ̀ rẹ̀. Ibi tí a wà nìyẹn tí ìyá onílé fi gbé mọ́sà gbígbóná jáde. Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àbí ó mọ̀ ọ́n. Ó gbé àwo náà sáàárín bàbá àti ọmọ, ó ní kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹun ná, bí wọ́n bá jẹun tán kí wọ́n máa bá ìjà wọn lọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Àǹtí Òyìnbó ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹ mọ́sà náà láìwo ojú ara wọn, ṣùgbọ́n inú àwo kan náà ni wọ́n ti jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ kejì ni bàbá òyìnbó ti ń tẹ̀lé bàbá onílé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n ń fá pákó pọ̀ látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, wọ́n á ti kó ọ̀rọ̀ tí wọn kò lè sọ jọ dè mí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n lọ gbé ilẹ̀kùn dé Ẹ́sítéètì, mo sì bá wọn lọ. Bàbá òyìnbó wo gbogbo ilé yẹn títí, ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ bàbá onílé ẹni tó ń san owó rẹ̀.

Bàbá onílé ní epo ni.

Ó ní ilé ìwé ọ̀fẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ńkọ́?

Bàbá onílé ní epo náà ni.

Ó ní bàbá onílé fúnra rẹ̀ ńkọ́, kí ni òun ń san fún ìjọba?

Bàbá onílé gbé ilẹ̀kùn tó wà léjìká rẹ̀ kalẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ó ní òun ń san owó orí, bí wọ́n bá rí òun mú.

Bàbá òyìnbó jókòó sórí bùlọ́ọ̀kù kan, ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní ó ti yé òun wàyí. Ìjọba àwọn kò ní kànga epo tí wọ́n lè máa fi ṣe inú rere, nínú owó oṣù àwọn tó ń de bóòtù àti nọ́ọ̀tù mọ́ mọ́tò bíi tòun ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń fún ìyá òun arúgbó lára rẹ̀, kò dun òun. Nígbà tí òun kò mọ ẹni tí wọ́n ń fún mọ́ ni orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu òun. Ó ní bí epo bá tú jáde lẹ́yìnkùlé òun lọ́la, kò ní sí líbẹ́rà tó tó òun ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ bí a ṣe délé. Ẹ̀rín pa Àǹtí Òyìnbó débi pé ó di férémù ilẹ̀kùn mú kó má bàa ṣubú. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí àwọn méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó wọlé lọ. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ gbà pé òótọ́ ni, àwọn líbẹ́rà ìsinsìnyí kì í lọ sẹ́nu géètì mọ́, kóòtù àti ọ́fíìsì ni wọ́n ń lọ. Bàbá náà ní ó yẹ kí òun ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìwé yẹn kiri. Wọn kò gbà fún ara wọn ju ibẹ̀ lọ. Bàbá ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó wọlé nínú ìbò wọn, òun kò fẹ́ ẹ, ọmọ náà ní ẹni tí bàbá òun fẹ́, kò mọ nǹkan kan.

Bàbá òyìnbó kò padà lọ nígbà tó dá. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ èsì ìbò lọ́dọ̀ ọmọ òun. Àárọ̀ ni ìròyìn náà kàn wá ní Ẹgbẹ́dá. Bàbá onílé ti gbé rédíò rẹ̀ sórí àpótí níwájú ilé, gbogbo ayálégbé yí i ká bí ẹni ń gbọ́ bọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n kéde ẹni tó wọlé, fọ́kánásà béèrè ohun tí gbogbo wa fẹ́ mọ̀. Ó ní, "Ṣé líbẹ́rà ló wọlé?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá ní rárá. Ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu kan náà ni wọ́n fi sọ ọ́, wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì bú. Ìyá Aládùúrà ní èyí tó wù kó jẹ́, kí a ṣáà gbàdúrà fún un, ló bá ní kí gbogbo wa dìde. Bàbá onílé mùsùlùmí dìde, bàbá òyìnbó náà dìde, wọ́n sì ṣe àmín fún ààrẹ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn la sin bàbá òyìnbó lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú n'Íkẹjà. Èmi ni mo wa ìjàpá, ẹ̀rù ń ba bàbá onílé lẹ́yìn, ó ń ké làháwùlà, àdúrà tí mùsùlùmí máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà á, ní gbogbo ìkóríta. Àǹtí Òyìnbó lo ọdún méjì sí i pẹ̀lú wa kó tó padà sílé. Lẹ́yìn náà, bí ẹ̀rọ tẹlifóònù bá bá wa ṣe é, a máa ń gbọ́ ohùn ara wa. Ó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà tún ti burú sí i, pé àwọn olóṣèlú ń fi bú ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ń wá orúkọ mìíràn, wọ́n ní onítẹ̀síwájú ni àwọn. Òun kò pààrọ̀ tirẹ̀.

Ó wá sọ fún mi pé lọ́jọ́ ọdún kan, gbogbo ẹbí wọn wà nídìí tábìlì nílé bàbá rẹ̀. Ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ń fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ó ń pè é ní líbẹ́rà ṣáá bí ẹni ń pe olè. Bàbá rẹ̀, tí kò tíì dìbò fún ẹgbẹ́ àwọn líbẹ́rà láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, wá fi fọ́ọ̀kì lélẹ̀. Ó ní, "Líbẹ́rà ni lóòótọ́. Èmi ni mo tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Jẹ oúnjẹ rẹ." Ó ní ìyá òun bu ẹran sí i fún bàbá òun.